Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilé Amọ̀ Níbi Tí Òjò Dídì Ti Ń Rọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹnu bà nípa ilé amọ̀ nígbà tá a pàdé kẹ́yìn, látìgbà yẹn lẹ́tà ò jẹ́ n rímú mí. Ó sì jọ pé àwọn tó pọ̀ jù nínú yín ń gbé níbi tí òtútù ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ pa èèyàn, tí ìjọba ò tún ní jẹ́ kéèyàn to búlọ́ọ̀kù méjì lérí ara wọn láìgba ìwé àṣẹ. Mo ṣa márùn-ún nínú lẹ́tà yín. Ti àkọ́kọ́ ló máa gùn jù, ẹ má bínú, ibẹ̀ gan-an ni iṣu ti ń ta.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtọkọ mi ti ra ilẹ̀, a sì fẹ́ po amọ̀, iyanrìn àti koríko gbígbẹ pọ̀ ká fi mọ ògiri tó nípọn tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Gbogbo fídíò tá a wò ló ń sọ pé ògiri amọ̀ máa ń móoru nígbà òtútù, ó sì máa ń tutù nígbà ooru, pé bó bá ti nípọn ó ti parí. Àmọ́ àkítẹ́ẹ̀tì tá a lọ bá kàn ń mi orí ṣáá, ó ní kò ní yege. Ta ló ń parọ́ fún wa? — Ìyàwó Onílẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyàwó Onílẹ̀, kò sí òpùrọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkítẹ́ẹ̀tì yẹn mọ ohun tó ń sọ. Nǹkan méjì tí kì í ṣe ìkan náà làwọn onífídíò pa pọ̀. Amọ̀ máa ń gba ooru sára, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ò ṣe é jiyàn, àmọ́ kí nǹkan gba ooru sára yàtọ̀ sí kó dá ooru dúró. Ẹ wo ìkòkò amọ̀ tó wà lórí iná. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ ó máa pẹ́ kó tó tutù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀ wò ná, ṣé kò ní jó yín ni? Ooru inú ẹ̀ ló ti gba ara ẹ̀ jáde síta yẹn. Ìkòkò ò wọ aṣọ. Ohun tó ń dá ooru dúró ni nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ tí afẹ́fẹ́ há sínú ẹ̀, bí òwú, bí irun àgùntàn, bí koríko gbígbẹ tí wọ́n dì pọ̀. Amọ̀ ò fúyẹ́ rárá, tẹ́ ẹ bá ká a ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà kan sókè, ó máa wúwo tó 1,600 kíló sí 1,800 kíló.

Níbi tí ọ̀sán ti ń gbóná ganrínganrín tí òru sì ń tutù, ògiri amọ̀ á fi ooru ọ̀sán pamọ́ de òru, á tún fi òtútù òru pamọ́ de ọ̀sán. Ibẹ̀ ni òkìkí ẹ̀ ti wá, òkìkí náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo nǹkan ti ń wà lábẹ́ òdo fún oṣù mẹ́ta gbáko, tọ̀sán-tòru, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ooru ń kọrí sí, ìta ni. Kí lẹ wá fẹ́ fi pamọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kó má baà dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn ẹnjiníà ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní U, ìyẹn iye wáàtì tó ń gba ara ògiri mítà kan sí mítà kan jáde fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí inú ilé fi gbóná ju ìta lọ. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Ògiri 60 sẹ̀ǹtímítà tẹ́ ẹ sọ yẹn máa wà níbi 1.1, ó lè lọ sókè díẹ̀ ó lè wá sílẹ̀ díẹ̀, bí amọ̀ yín bá ṣe wúwo sí. Òfin England fún ilé tuntun lónìí ò fẹ́ kí ògiri kọjá 0.26. Ẹ ti fi ìlọ́po mẹ́rin kọjá ààyè yín nìyẹn! Ká wá ní gbogbo ògiri ilé yín tó kọjú síta jẹ́ 100 mítà onígun mẹ́rin, inú ilé wà ní 20 dígírì, ìta wà ní mẹ́wàá lábẹ́ òdo. Ọgbọ̀n dígírì ló wà láàárín wọn, torí náà nǹkan bíi 3,300 wáàtì ló máa máa gba ara ògiri jáde tọ̀sán-tòru, bí ìgbà tẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ amúlégbóná oníná mẹ́ta tẹ́ ẹ wá ṣí fèrèsé sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 0.26 ni, kò ní tó 800. Tẹ́ ẹ bá sì fàáké kọ́rí pé amọ̀ nìkan lẹ máa fi débẹ̀, ògiri yín gbọ́dọ̀ nípọn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Mítà mẹ́ta o! Òkè lẹ fẹ́ gbẹ́ yẹn, kì í ṣe ilé lẹ fẹ́ kọ́.

Ṣé mo wá ní kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ ni? Rárá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ wọ aṣọ òtútù fún amọ̀ yín, ìta ni kẹ́ ẹ sì ti wọ̀ ọ́ fún un, kì í ṣe inú, torí tí aṣọ bá wà nínú, ògiri ti bọ́ sọ́wọ́ òtútù nìyẹn, gbogbo ìwúwo tẹ́ ẹ fi òógùn kó jọ ò ní ṣe inú ilé láǹfààní kankan mọ́. Aṣọ níta, amọ̀ nínú, oòrùn gba ojú fèrèsé ńlá wọlé wá bá amọ̀, iná ààrò náà bá amọ̀, amọ̀ wá fara balẹ̀ ń tú u sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìgbà yẹn ni ohun tí fídíò yẹn sọ máa wá ṣẹ.

Àwọn kan ti ṣe é. Àwọn olùṣèwádìí England àti Faransé para pọ̀ nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní CobBauge. Ògiri náà jẹ́ ìpele méjì tó fara mọ́ra, ọ̀kan jẹ́ amọ̀ wúwo tó ń gbé òrùlé, èkejì jẹ́ amọ̀ fúyẹ́ tí koríko pọ̀ nínú ẹ̀ jù, àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà yẹn náà lọ, ó sì bá òfin mu. Yunifásítì Plymouth kọ́ ọ̀kan sínú ọgbà wọn. Ní Kánádà, ní Osoyoos, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ kọ́ ògiri ilé àṣà Nk'Mip, ọdún 2006 ni wọ́n ṣí i, ògiri ọ̀hún gùn tó 80 mítà, ó nípọn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ìnsuléṣọ̀n, ìyẹn ohun tó ń dá ooru dúró, sì wà láàárín ẹ̀ bí ẹran inú búrẹ́dì. Ó rẹwà débi pé ojú ò ní fẹ́ kúrò lára ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ onímáṣíìnì ni, kì í ṣe iṣẹ́ tọkọtìyàwó pẹ̀lú ṣọ́bìrì méjì.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ilẹ̀ yẹn, tí òtútù ibẹ̀ sì le bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ nínú lẹ́tà yín, koríko dídì, ìyẹn koríko gbígbẹ tí wọ́n dì pọ̀ bí ẹrù, ni màá fi ṣe ògiri ìta, ẹ̀yìn náà ni màá wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ nínú, màá sì fi amọ̀ wúwo mọ àwọn ògiri àárín ilé, àga ìjókòó tó yí ààrò ká, àti ilẹ̀ pàápàá. Ògiri koríko 45 sẹ̀ǹtímítà máa fún yín ní U tó wà níbi 0.14 tàbí 0.15. Kì í sì í ṣe nǹkan àná. Ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, níbi tí igi ò sí tí òtútù sì ń gé bí ọ̀bẹ, àwọn àgbẹ̀ ti ń fi koríko dídì kọ́lé láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi kọ́ ní Arthur ní 1928 ṣì wà ní ìdúró. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ń yún yín láti tẹ ẹrẹ̀, ẹ má ṣèyọnu, ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ nínú ìrẹ́lé nìkan á tó kí ẹ̀yìn yín kígbe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo máa sọ fún wolé-wolé? Mo débẹ̀, mo ní mo fẹ́ fi amọ̀ kọ́lé, bàbá yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ mú kóòdù, ìyẹn ìwé òfin ìkọ́lé, tó gbà mí láàyè wá. Ṣé kóòdù kankan tiẹ̀ wà? — Ọmọ Ìkọ̀kọ̀

ÌDÁHÙN: Ó wà o, ó pọ̀ ju bí wolé-wolé yín ṣe rò lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin ilé gbígbé tí wọ́n ń pè ní IRC gba koríko dídì àti koríko tí wọ́n fi omi amọ̀ pò wọlé sínú àfikún ẹ̀ ní 2015, ó gba ògiri amọ̀ olókoríko wọlé ní 2021, ó sì gba pòpórò hẹ́ǹpù (ewéko tí wọ́n ń fi ṣe okùn) tí wọ́n fi láìmù pò wọlé ní 2024, láìmù tí mò ń sọ ni ẹfun tí wọ́n ń rí látara òkúta tí wọ́n fi iná sun, kì í ṣe èso. New Zealand ti ní ìwé mẹ́ta lórí ilé amọ̀ láti 1998, NZS 4297, 4298 àti 4299, wọ́n tún un ṣe ní 2020, ilẹ̀ tó sì ń mì tìtì ni wọ́n kọ ọ́ fún, torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé eré ọmọdé ni. Jámánì ní ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní DIN 18945 sí 18947 láti 2013 fún búlọ́ọ̀kù amọ̀, amọ̀ tí wọ́n fi ń tò ó, àti amọ̀ ìrẹ́lé.

Àmọ́ ẹ dúró ná, ẹ má tíì sá lọ bá bàbá yẹn. Ọ̀rọ̀ àfikún ń ṣini lọ́nà gan-an. Àfikún inú IRC kì í ṣe òfin níbikíbi àfi tí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú yẹn bá dìídì fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ ò sì tíì fọwọ́ sí i. Ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa bi wọ́n ni èwo nínú ìwé náà ni wọ́n ń lò, ti ọdún wo, àti àfikún wo ni wọ́n gbà. Tí wọ́n bá ní àwọn ò gba èyíkéyìí, ẹ má bá wọn jà, ẹ wá abala R104.11 nínú ìwé 2021, abala tó sọ pé ọ̀gá wolé-wolé lè gba ohun èlò tàbí ọ̀nà ìkọ́lé tí ìwé ò dárúkọ, tí ẹni tó fẹ́ kọ́lé bá ti lè fi hàn pé kò rẹlẹ̀ sí èyí tí ìwé sọ, ní agbára, ní ọ̀rọ̀ iná, ní pípẹ́, ní ààbò. Orílẹ̀-èdè míì náà sábà máa ń ní irú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ìlú tí kò ní àfikún yẹn sì lè fi í ṣe ẹ̀rí lábẹ́ abala yìí, ìyẹn gan-an ni agbára ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Wolé-wolé kì í ṣe ọ̀tá yín, ẹ̀rù ń bà á ni. Tí ilé yẹn bá wó lọ́jọ́ iwájú, orúkọ tiẹ̀ ló wà lórí ìwé. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú ẹnu nìkan, tó ń sọ pé ìṣẹ̀dá ló dáa jù, pé sìmẹ́ǹtì ń ba ayé jẹ́, ẹ̀rù ló ń fi kún ẹ̀rù. Ẹni tó bá gbé plánù tí ẹnjiníà ti lu òǹtẹ̀ wá, tó gbé àbájáde àyẹ̀wò amọ̀ ẹ̀ wá láti lábù, pẹ̀lú ẹ̀dà àfikún yẹn tí wọ́n ti fa ìlà sábẹ́ ibi tó ṣe kókó, ó ti ràn án lọ́wọ́ nìyẹn láti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi yín, ẹ sì ní ìdáhùn síbẹ̀: àfikún lórí koríko dídì gbà pé ògiri tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ lè dúró de iná fún wákàtí kan, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ fún wákàtí méjì.

Ẹ tún gbọ́ àṣírí kan tó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀: ẹ jẹ́ kí igi gbé òrùlé. Tó bá jẹ́ òpó àti ìtì igi ló ń gbé ilé dúró, tí amọ̀ tàbí koríko kàn dí àárín wọn, ìbéèrè tó le jù ti kúrò lórí tábìlì nìyẹn. Ẹnjiníà tí ò tíì fọwọ́ kan amọ̀ rí máa ṣírò òpó igi fún yín láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ẹ ní kó ṣírò ògiri amọ̀ tó ń gbé òjò dídì tó gun orí òrùlé, kò ní gbé fóònù yín mọ́.

Àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. IRC 2021 ní kí wọ́n gbé fáànù ńlá sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fi fa afẹ́fẹ́ inú ilé, níbi òtútù afẹ́fẹ́ náà ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní wákàtí kan tí agbára tí fáànù fi ń fa afẹ́fẹ́ bá wà ní 50 lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní páskáàlì. Amọ̀ fúnra ẹ̀ ò ní jò. Ibi tó ti kan igi ló máa jò, torí amọ̀ máa ń sún kì tó bá gbẹ, igi náà ń sún lọ́nà tiẹ̀, àlàfo á wá ṣí sílẹ̀ yí gbogbo fèrèsé ká. Kẹ́ ẹ tó rẹ́lé ni kẹ́ ẹ ti fi téèpù tó mọ́ṣẹ́ dí i o. Lẹ́yìn ìrẹ́lé, ẹ máa kàn máa kiri pẹ̀lú àbẹ́là láti wá ibi tó ń jò ni.

Tí gbogbo ẹ̀ bá sì ṣì ń dẹ́rù bà yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ìkẹ́rùsí kékeré. IRC ò béèrè ìwé àṣẹ fún ilé alájà kan tó dá dúró, tí kò ju 200 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ, tó bá jẹ́ pé ẹrù ló máa gbé ibẹ̀ tí kì í ṣe èèyàn, àmọ́ ẹ bi ìlú yín léèrè torí àwọn kan dín in kù. Ibẹ̀ lẹ ti máa ba iṣẹ́ jẹ́ dáadáa. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ ka èyí tó tẹ̀ lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n gbẹ́ ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ ju mítà kan lọ! Ṣebí torí kí n má baà lo kọnkéré ni mo ṣe fẹ́ ilé amọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n mọ ìgbà tó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀, torí mo rò pé tí n bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, oòrùn ò ní yọ mí lẹ́nu. — Alágbára Má Mèrò

ÌDÁHÙN: Orúkọ tẹ́ ẹ fún ara yín yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, omi inú ilẹ̀ máa ń dì, tó bá sì dì ó máa ń wú, tí ilẹ̀ bá wú ó máa gbé ohun tó wà lórí ẹ̀ sókè, tó bá tún yọ́ ó máa sọ ọ́ kalẹ̀, ibi tó gbé e sí ò sì ní dọ́gba. Ilé igi lè tẹ̀ díẹ̀ kó má ṣe nǹkan kan. Ilé amọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀, sísán ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ kọjá ibi tí ilẹ̀ ń dì dé. Òfin Minnesota ní 60 íǹṣì fún apá àríwá ìpínlẹ̀ yẹn, ìyẹn mítà kan àbọ̀, ó ní 42 íǹṣì fún apá gúúsù.

Ọ̀nà míì wà ṣá. IRC gba ìpìlẹ̀ tí ò jìn, tí wọ́n fi fóòmù le tẹ́ yí ilé ká lábẹ́ ilẹ̀ kí ooru inú ilé má jẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ dì. Fóòmù kì í ṣe ohun àdáyébá, mo mọ̀, àmọ́ lábẹ́ ilẹ̀ tó tutù tó sì lọ́rinrin, èmi ò tíì rí ohun àdáyébá tó lè gba ipò ẹ̀ láìjẹrà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé yẹn gbọ́dọ̀ máa gbóná ni, ìwé náà sọ pé ooru inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju 64 dígírì Fahrenheit lọ tá a bá pín ti oṣù kan dọ́gba, nǹkan bíi 18 Celsius. Ẹni tó bá fẹ́ pa iná kó rìnrìn àjò gbogbo ìgbà òtútù, kò bá a mu. Ọ̀nà kẹta ni kòtò òkúta: kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ jìn, kẹ́ ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kí páìpù kan máa fa omi kúrò nísàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá da ìgbànú kọnkéré tín-ín-rín sórí ẹ̀. Frank Lloyd Wright, àkítẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà tó lókìkí, lò ó nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀. Omi tí ò sí níbẹ̀ ò lè dì. Àwọn wolé-wolé kan gbà á tí ẹnjiníà bá ti fọwọ́ sí i, àwọn kan ò fẹ́ gbọ́.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, amọ̀ ò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Àwọn ará Devon ní England, tí wọ́n ti ń gbé inú ilé amọ̀ láti ìrandíran, máa ń sọ pé fìlà tó dáa àti bàtà tó dáa ni ilé amọ̀ ń fẹ́. Bàtà ni ògiri òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù tó wà lábẹ́ ẹ̀, fìlà ni òrùlé tó yọ síta dáadáa. Tiyín tún le díẹ̀ ju tàwọn ará Devon lọ, torí òjò dídì máa ń gbára jọ sí ìdí ògiri, á wá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọ inú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí bàtà ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, ibi tí òjò dídì bá sì ti máa ń ga jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e kọjá ibẹ̀.

Ó wá ku ìgbà tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ìkórè kẹ̀! Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ilé ìkẹ́rùsí ni mo kọ́kọ́ mọ, mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ewé igi ti ń pọ́n, mo ní ògiri 40 sẹ̀ǹtímítà lásán ni, á gbẹ. Ara ẹ̀ gbẹ lóòótọ́, mo fọwọ́ lù ú ó dún kókó, inú mi dùn, mo bo orí ẹ̀ mo lọ jókòó sídìí iná. Àṣé inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì tutù rinrin. Tí omi bá dì, ó máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i, kò sì síbi tó máa gbà nínú amọ̀ tó ti sé mọ́ ọn. Nígbà tí òtútù lọ tán tí mo ṣí i, mò ń fọwọ́ ṣí ògiri mi ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ìgbà téèyàn ń bó èèpo àlùbọ́sà. Mo wó o lulẹ̀, mo da omi sí i, mo tún amọ̀ yẹn náà tẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo rí dúpẹ́ fún, amọ̀ kì í ṣòfò. Torí náà, gbàrà tí ilẹ̀ bá ti yọ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ti kó gbogbo yẹ̀pẹ̀ yín jọ, kẹ́ ẹ ti sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ ti ta tapólì, nígbà tí òtútù ṣì wà. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ gbé igi àti òrùlé dúró kẹ́ ẹ tó mọ ògiri sábẹ́ ẹ̀, òjò ò ní dá yín dúró. Amọ̀ tó bá nípọn ò gbọdọ̀ máa wọlé sára ògiri mọ́ tí ìgbà ooru bá ti dé ìdajì. Ti koríko dídì rọrùn jù níbí yìí, kò ní omi tó fẹ́ gbẹ, ẹ kàn rí i pé ọ̀rinrin inú ẹ̀ ò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tò ó, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń gún bọ̀ ọ́ láti fi wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mi ò lè fi táyà ọkọ̀ tí wọ́n gún yẹ̀pẹ̀ sínú ẹ̀ kọ́ ọ ni, irú èyí tí wọ́n sin ẹ̀yìn ẹ̀ sínú ilẹ̀, tí iwájú ẹ̀ jẹ́ kìkì gíláàsì? Wọ́n ní kò nílò iná rárá. — Táyà Pọ̀ Lẹ́yìnkùlé

ÌDÁHÙN: Earthship lẹ̀ ń sọ, àkítẹ́ẹ̀tì Michael Reynolds ló gbé e jáde ní Taos, New Mexico, láti nǹkan bí 1970 lọ. Taos tutù lóòótọ́, ó lé ní 2,000 mítà lókè òkun, ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn níbẹ̀ nígbà òtútù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ. Tí ibi tẹ́ ẹ wà bá jẹ́ ibi tí ìkùukùu ti ń bo ojú ọ̀run láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù dé òpin ẹ̀, gíláàsì ńlá yẹn á kàn máa tú ooru dànù ni, yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á máa fa ooru kúrò lára yín, ògiri á sì máa làágùn. Ó di dandan kẹ́ ẹ fi ìnsuléṣọ̀n sáàárín táyà àti ilẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi sábẹ́ ilẹ̀ ilé. Ọ̀pọ̀ ìjọba sì rí táyà àlòkù bí ìdọ̀tí, ìwé àṣẹ méjì lẹ máa wá dipò ẹyọ kan. Èmi ò ní ṣe é o. Ilé gíláàsì kékeré tó fara ti ògiri koríko tó wọṣọ, níbi tí oòrùn ń wò, á fún yín ní ìgbádùn tó pọ̀ nínú ẹ̀ láìgún táyà kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yín. Ilé wa ti dúró, koríko ni, a ti fi amọ̀ rẹ́ ẹ nínú. Bàbá ìyàwó mi, tó jẹ́ bíríkìlà, ní ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìta kí omi má baà wọlé, ká tún lẹ ọ̀rá mọ́ inú. Mi ò fẹ́ já a kulẹ̀, kí ni mo máa sọ fún wọn? — Àna Bíríkìlà

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ àna le. Ẹ bá mi kí Bàbá, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà fún wọn pé omi ni ọ̀tá, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yìn náà ni kẹ́ ẹ wá bi wọ́n léèrè pé, omi tó bá wá wọlé ńkọ́, ibo ló máa gbà jáde?

Ó máa wọlé, dandan ni. Sìmẹ́ǹtì le, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ rọ̀, tí òtútù àti ooru bá ti ń na ìkan tó ń sún èkejì, sìmẹ́ǹtì á sán, ìlà tín-ín-rín tí ojú ò rí ni, òjò á bá ibẹ̀ wọlé, kò sì ní ríbi jáde torí sìmẹ́ǹtì yẹn náà ti dí i mọ́. Irú ẹ̀ ló ba ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ àtijọ́ jẹ́ ní Devon, ilé tó ti wà ní ìdúró láti ayé bàbá-ńlá, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò ó, amọ̀ inú ẹ̀ rọ̀ diẹ̀diẹ̀ títí ògiri fi wó láìròtì. Nígbà òtútù, ọ̀nà kejì tún wà tí omi ń gbà wá, láti inú. Èémí yín, ìkòkò tó ń hó, aṣọ tẹ́ ẹ sá sínú yàrá, gbogbo ọ̀rinrin yẹn ló ń wá bó ṣe máa gba ara ògiri lọ síbi tó tutù. Tó bá bá sìmẹ́ǹtì pàdé níta, ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì ló máa ti di omi, inú koríko, koríko á bu, á jẹrà, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ẹ̀.

Láìmù ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ ìta, ìpele mẹ́ta, ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin gba ara ẹ̀ kọjá, tó bá sì sán díẹ̀, omi òjò á máa tú díẹ̀ nínú ẹ̀ á wá fi dí ojú sísán náà fúnra ẹ̀. Òun náà ò fẹ́ kí yìnyín bá òun ní tútù o, ó ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò ní sí ìdì rárá, kẹ́ ẹ sì máa fi àpò tútù bò ó kó má baà yára gbẹ. Ọ̀rá inú yẹn, ẹ jẹ́ kí Bàbá gbàgbé ẹ̀. Amọ̀ tẹ́ ẹ fi rẹ́ inú, tí kò bá sí ojú ihò lára ẹ̀, ti ń dá afẹ́fẹ́ dúró, afẹ́fẹ́ tó ń jò ló sì máa ń gbé ọ̀rinrin tó pọ̀ jù wọ inú ògiri. Ẹ wo ìdí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, ẹ wo ibi tí ògiri ti pàdé àjà, ẹ dí wọn, kẹ́ ẹ sì ra fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta fún ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan tu Bàbá lójú, ẹ gbé iṣẹ́ láìmù yẹn lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ sìmẹ́ǹtì í rẹ́ ò ní pẹ́ mọ láìmù, kí wọ́n ṣáà wọ ibọ̀wọ́ kí wọ́n sì bo ojú wọn, ó máa ń jó ara.